Dhanvantari, Òrìṣà Àwọn Oníṣègùn Ilẹ̀ Íńdíà

Nínú ọ̀pọ̀ òrìṣà tí àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ń bọ, Dhanvantari ni wọ́n mọ̀ sí olúwa ìṣègùn. Òun ni wọ́n gbà pé ó gbé Ayurveda, ètò ìṣègùn àtijọ́ ilẹ̀ Íńdíà, wá fún ọmọ ènìyàn. Síbẹ̀, ẹni tó bá rin ilẹ̀ náà já láti àríwá dé gúúsù yóò rí i pé ojúbọ tó jẹ́ tirẹ̀ gan-an kò pọ̀. Ilé òrìṣà Shiva, ti Hanuman àti ti àwọn ìyá òrìṣà lóríṣiríṣi wà káàkiri ìlú àti abúlé. Ti Dhanvantari ṣọ̀wọ́n, àfi ní Kerala ní ìhà gúúsù tí wọ́n ti pọ̀ díẹ̀. Ohun tó fà á ni pé òrìṣà àwọn tó ń wo aláìsàn ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Aláìsàn fúnra rẹ̀ ní àwọn mìíràn tó ń ké pè. Nígbà tí ṣànpọ̀nná ṣì ń jà ní àríwá, Shitala ni wọ́n ń bẹ̀. Ní ilẹ̀ Tamil, Mariamman ni. Ẹni tí àrùn ara ń yọ lẹ́nu a máa gbàdúrà sí Surya, òrìṣà oòrùn. Dhanvantari ni oníṣègùn ń wólẹ̀ fún kó tó fọwọ́ kan oògùn. Bí orúkọ rẹ̀ ṣe kúrò lẹ́nu àwọn oníṣègùn dé inú ìwé ìjọba ni ìtàn tí a fẹ́ tọ̀ níhìn-ín.

Ríro òkun wàrà

Ìtàn tí àwọn Híńdù mọ̀ jù nípa ìjáde rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí èpè. Durvasa, amòye kan tí inú rẹ̀ kì í pẹ́ ru, fún Indra ọba àwọn òrìṣà ní ẹ̀gbà òdòdó, Indra sì fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ẹ̀bùn náà. Durvasa ṣépè fún un, agbára sì tán lára òun àti gbogbo àwọn òrìṣà tó wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn asura, ọ̀tá wọn láéláé, bẹ̀rẹ̀ sí í borí wọn. Vishnu ló gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n bá àwọn asura mulẹ̀ fúngbà díẹ̀, kí tọ̀tún-tòsì jọ ro òkun wàrà títí amrita, omi àìkú, yóò fi yọ jáde.

Òkè Mandara ni wọ́n fi ṣe orógùn. Ejò Vasuki ni wọ́n fi ṣe okùn tí wọ́n wé mọ́ ọn. Àwọn asura di orí mú, àwọn òrìṣà di ìrù mú, wọ́n ń fà á lọ, wọ́n ń fà á bọ̀. Nígbà tí òkè náà fẹ́ rì, Vishnu di ahun, ó wọ ìsàlẹ̀ òkun lọ, ó fi ẹ̀yìn gbé e ró. Oró Halahala jáde, oró tí ì bá pa gbogbo ẹ̀dá. Shiva gbé e mu, ó dá a dúró sí ọ̀nà ọ̀fun, àwọn ayàwòrán sì ń kun ọrùn rẹ̀ ní àwọ̀ aró títí dòní. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ire ń yọ níkọ̀ọ̀kan: màlúù tó ń fún ènìyàn ní ohun gbogbo tó bá fẹ́, erin funfun Airavata, òṣùpá, Lakshmi ìyá ọrọ̀. Níkẹyìn pátápátá ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan jáde, ó dúdú lára, ó wọ aṣọ pupa rúsúrúsú bí ìyeyè, ó gbé ìkòkò amrita lọ́wọ́. Dhanvantari nìyẹn. Kò tíì gúnlẹ̀ dáadáa tí àwọn asura fi já ìkòkò gbà mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì di dandan kí Vishnu di arẹwà obìnrin tí ń jẹ́ Mohini kó tó rí i gbà padà fún àwọn òrìṣà.

Ìwé tó sọ ìtàn yìí pọ̀, wọn kò sì sọ ọ́ bákan náà. Nínú Mahabharata, ọ̀rọ̀ Dhanvantari kò gùn rárá: ó jáde, ó gbé ìkòkò funfun dání, àwọn tó kù sì ń bá ìjà wọn lọ. Ramayana ti Valmiki ló fi Ayurveda mọ́ ọn lára. Nígbà tí yóò fi di àsìkò Bhagavata Purana, tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi sí nǹkan bí ọ̀rúndún kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá, wọ́n ti kà á mọ́ àwọn ìgbà tí Vishnu fúnra rẹ̀ gbé àwọ̀ mìíràn wọ̀ wá sáyé. Òun ni ìkejìlá nínú àkọsílẹ̀ náà. Ìdí nìyẹn tí ère rẹ̀ fi jọ ti Vishnu: ọwọ́ mẹ́rin, ìkarahun òkun tí a ń fọn bíi fèrè nínú ọ̀kan, ohun ìjà róbótó tó mú yíká nínú ìkejì. Ìkòkò amrita ló wà nínú ìkẹta. Ọwọ́ kẹrin ló yẹ kí a fojú sí, nítorí pé ní Kerala, eṣúṣú, kòkòrò omi tó ń fa ẹ̀jẹ̀, ló wà níbẹ̀. A ó padà sórí eṣúṣú yìí láìpẹ́.

Oúnjẹ oníṣègùn àti oúnjẹ òrìṣà rẹ̀

Kò sí Dhanvantari láàárín àwọn oníṣègùn inú Rigveda, ìwé mímọ́ tó dàgbà jù nínú ìwé àwọn Híńdù. Àwọn ìbejì Ashvin ni oníṣègùn àwọn òrìṣà nígbà náà. Àwọn ni wọ́n fún Vishpala ní ẹsẹ̀ irin nígbà tó pàdánù ẹsẹ̀ lójú ìjà, àwọn ni wọ́n sọ arúgbó Chyavana di ọ̀dọ́. Ṣùgbọ́n ìtàn kan náà tó yìn wọ́n fi hàn pé ipò wọn rẹlẹ̀. Indra kọ̀ pé kí wọ́n bá àwọn òrìṣà yòókù mu soma, ohun mímu mímọ́, níbi ẹbọ, nítorí pé oníṣègùn ni wọ́n, wọ́n sì ń rìn láàárín ọmọ ènìyàn. Chyavana ló gbà wọ́n sílẹ̀ lọ́wọ́ ìtìjú yẹn.

Ojú tí wọ́n fi wo àwọn Ashvin ni wọ́n fi wo oníṣègùn láwùjọ. Ẹni tó ń fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀, ọyún àti òkú kò lè mọ́ lójú àlùfáà Brahmin. Ìwé òfin tí wọ́n ń pè ní ti Manu ka oníṣègùn mọ́ àwọn tí Brahmin kò gbọdọ̀ jẹ oúnjẹ wọn. Ìwé yìí kan náà, nígbà tó ń ka àwọn òrìṣà tí baálé ilé gbọ́dọ̀ fi oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ jùbà, dárúkọ Dhanvantari láàárín wọn. A gba ọwọ́ òrìṣà, a kò gba ọwọ́ ọmọ rẹ̀. Lójú tiwa, níbi tí ọ̀rọ̀ ti takora yìí ni agbára Dhanvantari ti wá. Iṣẹ́ tí wọ́n ń fojú tẹ́ńbẹ́lú nílò babańlá tí ẹnikẹ́ni kò lè fojú tẹ́ńbẹ́lú, àwọn oníṣègùn sì rí i nínú ẹni tó gbé omi àìkú jáde láti inú òkun, ẹni tí ìran tó tẹ̀lé e tún sọ di Vishnu gan-an.

Ọba Kashi

Ìlú Kashi, tí à ń pè ní Varanasi lónìí, ni òrìṣà yìí ti di olùkọ́. Ìwé Harivamsa sọ pé nígbà tó jáde láti inú òkun, ó bẹ̀bẹ̀ fún ìpín tirẹ̀ nínú ẹbọ, wọ́n sì sọ fún un pé ó ti pẹ́ kó tó dé, pé ìgbà tó bá tún ayé wá ni yóò gba ọ̀wọ̀ tó tọ́ sí i. Ó wá tún ayé wá ní ààfin Kashi gẹ́gẹ́ bí ọmọ ọba, ó gba ìmọ̀ ìṣègùn lọ́dọ̀ Bharadvaja, ó sì pín in sí ọ̀nà mẹ́jọ. Nínú ìwé ìṣègùn Sushruta Samhita, Divodasa ọba Kashi, tó ti fi ààfin sílẹ̀ lọ máa gbé nínú igbó, ni Dhanvantari. Sushruta àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ bá a pé àìsàn ń jẹ àwọn ènìyàn níyà, kó kọ́ wọn. Ó bi wọ́n ẹ̀ka wo ni wọ́n fẹ́, wọ́n ní iṣẹ́ abẹ ni kó fi ṣe ìpìlẹ̀.

Ẹ̀ka mẹ́jọ náà ni ìtọ́jú àìsàn inú ara, iṣẹ́ abẹ, ìtọ́jú ojú àti etí àti imú àti ọ̀fun, ìtọ́jú ọmọdé, ìtọ́jú ẹni tí ẹ̀mí àìrí ń dà láàmú, ìmọ̀ oró, oògùn tí kì í jẹ́ kí ara tètè gbó, àti oògùn agbára ọkùnrin. Ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ ni àwọn ọmọ Dhanvantari dì mú jù. Ilé ẹ̀kọ́ kejì, tó ń tọ ìlà Atreya, tí ìwé wọn sì jẹ́ Charaka Samhita, sọ pé Bharadvaja ló gba ìmọ̀ náà lọ́wọ́ Indra. Ọ̀rọ̀ ọba Kashi kò sí nínú ìlà tiwọn. Ìyàtọ̀ yìí kò dá ìjà sílẹ̀. Charaka fúnra rẹ̀, tó bá dé orí àìsàn tó gba abẹ, a máa sọ pé kí wọ́n fi í lé àwọn ọmọ Dhanvantari lọ́wọ́. Àwọn tó ń gé àti àwọn tó ń se àgbo mọ ààlà ara wọn nígbà náà.

Sushruta Samhita kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan ní ìgbà kan. Àwọn onímọ̀ rí i pé ìpele ìpele ló ṣe dàgbà, láti ọ̀rúndún díẹ̀ ṣáájú ìbí Jésù títí dé nǹkan bí ọdún 500 lẹ́yìn rẹ̀. Ó ka irinṣẹ́ tí kò ní ẹnu mímú 101 àti èyí tó mú 20. Ó sọ bí wọ́n ṣe ń yọ òkúta inú àpò ìtọ̀, bí wọ́n ṣe ń ti awọ funfun kúrò lójú ẹyinjú, bí wọ́n ṣe ń fi ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́ tún imú tí wọ́n gé ṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ fi abẹ kan ènìyàn kó tó ti fi elégédé àti apálá kọ́ bí a ṣe ń gé nǹkan. Orí kan odindi sì wà fún eṣúṣú. Oríṣi 12 ló kà, 6 lóró, 6 kò lóró. Ó sọ irú omi tí à ń wá a sí, bí à ń ṣe tọ́jú rẹ̀, bí à ń ṣe mú kó pọ ẹ̀jẹ̀ tó fà. Ó ní ìtọ́jú eṣúṣú yẹ ọba, ọmọdé, arúgbó, obìnrin àti ẹni tí abẹ ń bà lẹ́rù. Eṣúṣú tó wà lọ́wọ́ ère Kerala wá yé wa báyìí: irinṣẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ ni, wọ́n sì fi sí ọwọ́ babańlá wọn.

Ìwé wọn rìn jìnnà. Ìwé èèpo igi kan tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì Hamilton Bower rà ní Kucha ní Àárín Gbùngbùn Éṣíà ní 1890, tí wọ́n kọ ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹfà, dárúkọ Sushruta àti ọba Kashi tó jẹ́ olùkọ́ rẹ̀. Ẹ̀dà Sushruta Samhita kan tí wọ́n kọ ní 878 ṣì wà ní Kathmandu ní orílẹ̀-èdè Nepal. Ní Baghdad, ní nǹkan bí ọdún 800, Yahya ọmọ Khalid, ìgbákejì ọba nínú ìdílé Barmak, mú kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Lárúbáwá.

Nílé, ọ̀rọ̀ yí padà. Bí ọ̀rúndún ti ń gorí ọ̀rúndún, àwọn oníṣègùn tó mọ̀wé fi abẹ sílẹ̀, wọ́n di ewé àti egbò mú. Abẹ bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí kò ka Sanskrit. Ìwé ìròyìn kan ní London gbé e jáde ní October 1794 pé wọ́n tún imú ṣe fún awakọ̀ màlúù kan tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí àwọn ọmọ ogun Tipu Sultan, ọba tó ń bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì jagun, gé nímú. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà nítòsí Poona jẹ́ ọmọ ìran àwọn tó ń mọ ìkòkò àti bíríkì, awọ iwájú orí ló sì lò. Ìròyìn yìí ló ta oníṣẹ́ abẹ Joseph Carpue jí ní London, tó fi ṣe irú rẹ̀ ní 1814. Orúkọ Dhanvantari ṣì wà lẹ́nu àwọn tó mọ̀wé. Iṣẹ́ tó kọ́ wọn ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Bí wọ́n ṣe ń bọ ọ́

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà ìbọ rẹ̀ àtijọ́ ni ti ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ bá wọṣẹ́. Sushruta Samhita ló ṣe àlàyé rẹ̀. Wọ́n á yan ọjọ́ rere, wọ́n á mọ pẹpẹ onígun mẹ́rin, wọ́n á tẹ́ koríko mímọ́ lé e, wọ́n á dáná, wọ́n á da ọ̀rá wàrà màlúù sínú iná ní orúkọ Brahma, Dhanvantari, Prajapati, àwọn Ashvin àti Indra. Olùkọ́ á mú akẹ́kọ̀ọ́ yí iná ká, á sì ka ìlànà fún un lójú iná náà: kó gé èékánná àti irun rẹ̀ kúrú, kó má purọ́, kó wo tálákà àti ẹni tí kò ní alátìlẹ́yìn bí ẹbí ara rẹ̀. Ibì kan wà nínú ìlànà yìí tí àwọn tó ń yìn ín lónìí kì í fẹ́ kà síta: ọdẹ, apẹyẹ àti ẹlẹ́ṣẹ̀ kò sí lára àwọn tí oníṣègùn gbọdọ̀ wò. Àánú tó wà níbẹ̀ ní ààlà, ààlà náà sì ni ti àwùjọ tó bí i.

Nínú ilé, ìbọ rẹ̀ kò le. Wọ́n á gbé àwòrán tàbí ère rẹ̀ sí ibi tó mọ́, wọ́n á tan fìtílà ọ̀rá wàrà, wọ́n á gbé omi sínú ìkòkò bàbà. Wọ́n á fi àpòpọ̀ wàrà, wàrà kíkan, ọ̀rá wàrà, oyin àti ṣúgà wẹ ère náà, àpòpọ̀ yìí ni wọ́n sì máa ń pín fún àwọn tó wà níbẹ̀ lẹ́yìn náà. Ewé tí kò gbọdọ̀ wọ́n níbẹ̀ ni tulsi, ìbátan ẹfinrin, nítorí pé ti Vishnu ni. Ọfọ̀ rẹ̀ ń pè é ní ẹni tó gbé ìkòkò amrita lọ́wọ́, tó ń mú àìsàn kúrò; àwọn olùfọkànsìn a máa kà á nígbà 108 lórí ìlẹ̀kẹ̀. Bí ẹnì kan nínú ilé bá ń ṣàìsàn tó le, wọ́n lè pe àlùfáà wá ṣe ẹbọ iná, níbi tí wọ́n ti ń fi ọ̀rá wàrà àti igi amrita, ìtàkùn kan tí Ayurveda ń lò fún ibà, sínú iná.

Ọjọ́ rẹ̀ gan-an lọ́dún ni ọjọ́ kẹtàlá ìgbà tí òṣùpá ń dínkù ní oṣù Kartika. Ó máa ń bọ́ sí October tàbí November, ó sì ṣáájú Diwali, ọdún ìmọ́lẹ̀, ní ọjọ́ méjì. Dhanteras ni wọ́n ń pè é ní àríwá. Ọjọ́ yìí ti di ọjọ́ ọjà. Wọ́n gbà pé ohun èlò irin tuntun tí a bá rà lọ́jọ́ náà yóò mú ọrọ̀ wọlé, nítorí náà ilé ìtajà góòlù àti fàdákà máa ń kún dẹ́nu. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò tó góòlù á ra abọ́ idẹ tàbí ṣíbí, ẹlòmíràn á ra ìgbálẹ̀. Lakshmi ìyá ọrọ̀, tó jáde láti inú òkun kan náà, ti gba apá tó pọ̀ jù nínú ọdún náà. Tí alẹ́ bá lẹ́, wọ́n á tan fìtílà kan sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n á kọ ojú rẹ̀ sí gúúsù, fún Yama òrìṣà ikú. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ ni ti ọmọ ọba Hima, ọmọ ọdún 16, tí wọ́n ti wo ìràwọ̀ rẹ̀ pé ejò yóò bù ú ṣán ní ọjọ́ kẹrin ìgbéyàwó. Ìyàwó rẹ̀ kó gbogbo góòlù rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó tan fìtílà yí i ká, ó ń sọ ìtàn, ó ń kọrin kí ọkọ rẹ̀ má bàa sùn. Yama dé ní àwọ̀ ejò, ìmọ́lẹ̀ góòlù gba ojú rẹ̀, ó jókòó gbọ́ orin títí ilẹ̀ fi mọ́, ó sì yí padà lọ.

Àwọn oníṣègùn ń ṣe tiwọn lọ́tọ̀. Ní Maharashtra, wọ́n á bọ Dhanvantari lówùúrọ̀, wọ́n á sì pín ewé dongoyárò tí wọ́n rẹ́ wẹ́wẹ́ pẹ̀lú ṣúgà fún àwọn tó wá kí wọn. Ó korò, ó sì dùn. Ní Varanasi, ìdílé oníṣègùn kan wà tí ère Dhanvantari tí wọ́n fi irin mẹ́jọ yọ́ pọ̀ ṣe wà nínú ilé wọn. Ọjọ́ Dhanteras nìkan ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn rẹ̀ fún ará ìta, fún wákàtí díẹ̀, èrò a sì máa tò lọ bẹẹrẹ ní ojú pópó. Ní ìlú yìí kan náà, nínú ọgbà ilé òrìṣà Mrityunjay Mahadev, kànga kan wà tí wọ́n sọ pé Dhanvantari da oògùn rẹ̀ sí nígbà tó fẹ́ fi ayé sílẹ̀. Àwọn ènìyàn ń pọn omi rẹ̀ mu fún àìsàn títí dòní.

Kerala ni a ti rí i ní ipò òrìṣà tó ní ilé tirẹ̀. Ilé òrìṣà rẹ̀ wà ní Nelluvaya ní àgbègbè Thrissur, ní Thottuva nítòsí Perumbavoor, ní Maruthorvattom nítòsí Cherthala. Ère Thottuva tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ní gíga, ó kọjú sí ìlà-oòrùn, wàrà tútù tí wọn kò sè ni wọ́n sì ń gbé síwájú rẹ̀. Ní Maruthorvattom, ọbẹ̀ igi kókò ni wọ́n ń pín fún èrò ní ọjọ́ tí òṣùpá bá wọ̀ọ̀kùn nínú oṣù Karkidaka, oṣù òjò tí àwọn ará Kerala gbà pé ara máa ń ṣe aláìlera jù lọ, tí wọ́n sì ń fi tọ́jú ara. Ohun tó mú kó pọ̀ ní Kerala ni àwọn ìdílé tí wọ́n ń pè ní Ashtavaidya, Brahmin oníṣègùn tó jogún ẹ̀ka mẹ́jọ náà láti ọ̀dọ̀ baba dé ọmọ, tí wọ́n sì ń há ìwé Vagbhata, oníṣègùn àtijọ́, sórí. Ọ̀kan nínú wọn, ìdílé Kuttanchery, ló máa ń po mukkudi, àgbo inú omi wàrà kíkan, fún ilé òrìṣà Koodalmanikyam ní Irinjalakuda. Bí ènìyàn bá jẹ ohun tí òrìṣà fi sílẹ̀ níbẹ̀, oògùn ló jẹ. Ó ṣòro láti sọ ibi tí ìbọ parí sí, kí ìtọ́jú sì bẹ̀rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní ilẹ̀ Tamil fún ìgbà pípẹ́. Ojúbọ Dhanvantari wà nínú ọgbà ńlá ilé òrìṣà Vishnu ní Srirangam. Òkúta ara ògiri ilé òrìṣà Vishnu mìíràn, ní Thirumukkudal, sọ pé ní nǹkan bí 1069, lábẹ́ ọba Virarajendra ti ìdílé Chola, ilé ìwòsàn oníbùsùn 15 wà níbẹ̀. Ó ka oníṣègùn kan, oníṣẹ́ abẹ kan, àwọn tó ń já ewé, àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn, àti orúkọ oògùn tó wà nínú àká.

Orúkọ òrìṣà náà tún wà lára ìgò. Òróró Dhanwantharam, tí wọ́n ń fi egbò bala, òróró yànmọ̀tí àti wàrà sè, ni àwọn ìyá Kerala fi ń wọ́ra lẹ́yìn ìbímọ. Irú rẹ̀ kan wà tí wọ́n ń tún sè nígbà 101 kó lè lágbára. Ó ṣeé ṣe kí àwọn tó ń pe orúkọ Dhanvantari ní ilé ìtajà oògùn lójoojúmọ́ pọ̀ ju àwọn tó ń pè é níwájú ère lọ.

Àsìkò àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti lẹ́yìn rẹ̀

Ní 1822, àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn sílẹ̀ ní Calcutta, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ìmọ̀ Yúróòpù pọ̀ mọ́ ti ilẹ̀ náà. Ní 1835, wọ́n tì í pa, wọ́n dá kọ́lẹ́ẹ̀jì tuntun sílẹ̀ fún ìmọ̀ Yúróòpù nìkan. Madhusudan Gupta, ẹni tó ti kọ́ Ayurveda kó tó wọ ibẹ̀, ló kọ́kọ́ la òkú níbẹ̀ ní 1836. Ìran Baidya ti Bengal ló ti wá, ìran oníṣègùn tí àwọn kan nínú wọn ń pe ara wọn ní ọmọ Dhanvantari.

Àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ rí i pé tí àwọn kò bá kóra jọ, àwọn yóò parun, Dhanvantari sì ni àsíá tó wà nítòsí. P. S. Varier dá ilé oògùn sílẹ̀ ní Kottakkal ní Kerala ní 1902. Ní ọdún kejì, ó bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn ìṣègùn ní èdè Malayalam, ó sì pe orúkọ rẹ̀ ní Dhanvantari. Ẹgbẹ́ gbogbo oníṣègùn Ayurveda ilẹ̀ Íńdíà bẹ̀rẹ̀ ní 1907. Bí kọ́lẹ́ẹ̀jì Ayurveda ti ń pọ̀ sí i, ère ọlọ́wọ́ mẹ́rin di ohun tí à ń rí ní ẹnu ọ̀nà wọn. Àwọn ìdílé tó ń bọ ọ́ ní ìyẹ̀wù bẹ̀rẹ̀ sí í bọ ọ́ ní gbangba.

Lẹ́yìn òmìnira, ìjọba náà bọ́ sí i. Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí Ayurveda àti àwọn ìṣègùn ìbílẹ̀ yòókù dá dúró fúnra rẹ̀ ní November 2014. Ní 2016, ìjọba kéde Dhanteras ní Ọjọ́ Ayurveda gbogbo orílẹ̀-èdè, wọ́n sì ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀ ní 28 October ọdún náà. Àríyànjiyàn dé ní òpin 2023, nígbà tí àjọ tó ń rí sí ẹ̀kọ́ dókítà òyìnbó, tó ti ń lo àwòrán Dhanvantari aláwọ̀ dúdú-òun-funfun nínú àmì rẹ̀, gbé èyí tó ní àwọ̀ mèremère síbẹ̀, tó sì fi Bharat, orúkọ tí ilẹ̀ náà ń jẹ́ ní èdè ìbílẹ̀, rọ́pò Íńdíà. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ní kí wọ́n yọ ọ́, pé onírúurú ẹlẹ́sìn ni àwọn dókítà àti aláìsàn orílẹ̀-èdè náà. Àjọ náà dáhùn pé ohun ìní gbogbo ará Íńdíà ni, bí àwọn dókítà ibòmíràn ṣe ń lo àmì òrìṣà Gíríìkì. Ìdáhùn yìí kò tẹ́ wa lọ́rùn tán. Kò sí ẹni tó ń tan fìtílà fún òrìṣà ìṣègùn Gíríìkì ní ojúlé rẹ̀ lónìí. Ẹgbàágbèje ń tan án fún Dhanvantari.

Ní 2025, ìjọba tún yí ọjọ́ náà padà. Wọ́n ní Dhanteras ń tẹ̀lé òṣùpá, kì í bọ́ sí ọjọ́ kan náà lọ́dọọdún, èyí sì ń dí ètò lọ́wọ́, pàápàá fún àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn tó fẹ́ bá wọn ṣe é. 23 September ni wọ́n yàn, ìgbà tí ọ̀sán àti òru fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn bákan náà, nítorí pé ìdọ́gba ni Ayurveda ń wá nínú ara. Ní ọdún náà, Dhanteras bọ́ sí 18 October. Kàlẹ́ńdà òṣùpá ni àwọn oníṣègùn Varanasi àti Maharashtra ṣì ń tẹ̀lé láti mọ ọjọ́ tí wọn yóò rẹ́ ewé dongoyárò.